Imam Al-Ghazali àti Eré Ọmọ Kéú

 

Ẹ̀yin òbí wa, nígbàkúùgbà tí ilé-ìwé bá ti fẹ́ gba ọlidé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń mú ọmọ wá sí ilé-kéú. Wọ́n á ní ṣé àáfà kò lè gba àwọn ọmọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n á ní bí wọ́n bá wà nílé, eré ni wọn yóò máa ṣe. Bí wọ́n ṣe máa ń pe eré yẹn, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá yóò rò pé orúkọ àrùn ni. Ọmọ ọdún méje ń lọ sí ilé-ìwé láti ọjọ́ Àtìní títí di ọjọ́ Jímọ̀, ó ń ṣe lẹ́sìnnì tí wọ́n bá jáde, ó tún ń gbé wàláà lálẹ́, Sátidé àti Sọ́ńdè sì jẹ́ ti kéú láti òwúrọ̀. Ta ni yóò sọ pé kò dára kí ọmọ mọ Kùráánì? Ṣùgbọ́n ìgbà wo gan-an ni ọmọ yìí ń ṣe ọmọdé?

Àwa tí a ń kọ èyí náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ wa ọkùnrin, a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, a ní kò ní rí i mọ́ àfi tó bá ka súrà Al-Mulk láti orí dé ìdí láìwòwé. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Bí a bá ti gbé wàláà jáde báyìí, inú ń run ún. Bí a bá gbé e padà, inú á fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ra oògùn, a ṣe rùkíyà, a kò tètè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí a ti ń ṣí ìwé Ihya’ Ulumid-Deen láti wá ohun tí a ó fi ṣe wáàsí ni a ti bá ọmọ wa pàdé nínú ìwé tí wọ́n ti kọ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. A ti ka ojú ìwé yẹn rí ní ilé-ìwé Lárúbáwá. A kà á kọjá ni, nítorí pé a kò tíì bímọ nígbà náà.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ẹni tó kọ ọ́. Ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀. Gàsálì tí a ń sọ àwọn ọmọ wa níbi ìkómọ, ara orúkọ rẹ̀ ni. Abu Hamid Muhammad ọmọ Muhammad Al-Ghazali ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i ní ọdún 1058, èyí tí í ṣe ọdún 450 Hijira, ní ìlú Tus ní ilẹ̀ Khurasan. Orílẹ̀-èdè Ìráànù ni ibẹ̀ bọ́ sí lónìí, kò sì jìnnà sí ìlú Mashhad.

Tálákà ni bàbá rẹ̀. Irun àgùntàn ni ó máa ń ran bí ẹni ń ran òwú, tí ó sì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àwọn onímọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ń lọ, a máa bá wọn ṣe iṣẹ́, a máa fún wọn ní ohun tí agbára rẹ̀ ká. Bí ó bá ń gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé òfin ẹ̀sìn, yóò máa sunkún, yóò máa bẹ Ọlọ́hun kí Ó fún òun ní ọmọ tí yóò dà bí wọn. Bí ó bá lọ síbi wáàsí, yóò tún sunkún, yóò tọrọ ọmọ tí yóò di oníwáàsí. Ọlọ́hun gba àdúà méjèèjì. Muhammad di àgbà nínú onímọ̀ òfin, àbúrò rẹ̀ Ahmad sì di oníwáàsí tí gbogbo Bàgídáádì ń lọ gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Kékeré ni àwọn ọmọ wà tí ikú fi dé.

Nígbà tí ó mọ̀ pé òun ń lọ, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ súfí, ó fi àwọn ọmọ méjèèjì lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú owó díẹ̀ tí ó ní. Ó sọ fún un pé ó dun òun gidi gan-an pé òun kò mọ̀wé kọ, òun sì fẹ́ kí àwọn ọmọ náà rí ohun tí òun pàdánù, kódà bí gbogbo owó náà yóò bá tán sí i. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí. Ẹ ò rí i pé bàbá yìí jọ wá? Ohun tí a kò rí kọ́ ni a fẹ́ kí ọmọ kọ́, ibi tí a kò dé ni a fẹ́ kí ó dé, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń sáré lé e kiri. A kò bú bàbá náà, a kò sì bú ẹnikẹ́ni nínú yín. Ìfẹ́ ni.

Owó náà tán. Ọ̀rẹ́ bàbá ṣe olóòótọ́ sí wọn, ó ní ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀ ni mo ná lé yín lórí, tálákà ni èmi náà, kò sí ohun tí mo lè fi bọ́ yín. Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n wọ madírásà lọ, níbi tí wọ́n ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oúnjẹ. Bí ọmọ òrukàn méjì ṣe wọ ilé-kéú nìyẹn, oúnjẹ ni wọ́n bá wá. Nígbà tí Al-Ghazali di ọkùnrin, kò fi í pamọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe nítorí Ọlọ́hun ni àwọn fi bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀, ìmọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò gbà kí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ó kàwé lọ́dọ̀ onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ahmad Ar-Radhakani ní Tus, lẹ́yìn náà ó rin ìrìn-àjò lọ sí Jurjan. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, àwọn adigunjalè dá wọn lọ́nà, wọ́n kó gbogbo ohun tí ó ní. Ó tẹ̀lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn fún òun ní àpò kan, ìwé tí òun kọ ẹ̀kọ́ òun sí ló wà níbẹ̀, kò wúlò fún wọn. Olórí wọn rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé irú onímọ̀ wo ni ẹni tí olè lè gba àpò rẹ̀ kí ó má mọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n sọ àpò náà sí i. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé, nígbà tí ó dé Tus, ọdún mẹ́ta ni ó fi há gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò náà sórí. Àwa àáfà fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí fún ọmọ kéú kí wọ́n lè tẹra mọ́ híhá ìwé sórí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìdajì ìyókù ìtàn ọkùnrin náà ni a kì í sọ fún wọn.

Ó lọ sí Nishapur, ó di ọmọ ilé-ìwé Imam Al-Juwayni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìmáàmù Háráámù méjèèjì, ó sì wà níbẹ̀ títí ọ̀gá rẹ̀ fi kú ní ọdún 1085. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sọ́dọ̀ Nizam al-Mulk, olórí ìjòyè àwọn ọba Seljuk. Ní ọdún 1091, Nizam al-Mulk fi í jẹ olùkọ́ àgbà ní Nizamiyya ti Bàgídáádì. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Akẹ́kọ̀ọ́ bí 300 ni ó ń kọ́. Àwọn ìjòyè ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, aṣọ olówó iyebíye ni ó ń wọ̀, ìwé ni ó ń kọ lórí ìwé. Àdúà bàbá onírun àgùntàn ti gbà kọjá ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè rò.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ara kọ̀. Oṣù Rajab ọdún 488 Hijira ni, èyí tí í ṣe 1095. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ọkàn rẹ̀ ti ń fà síwá fà sẹ́yìn, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá nítorí Ọlọ́hun ni òun fi ń kọ́ni tàbí nítorí òkìkí. Ní ọjọ́ kan, ó jókòó láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ di. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Lẹ́yìn náà oúnjẹ kò lọ mọ́, òkèlè kan kò lè kọjá lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n ní láti inú ọkàn ni àìsàn yìí ti wá, kò sì sí oògùn tí yóò ṣe é àfi kí ìbànújẹ́ ọkàn náà kúrò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tí yóò padà wá kọ̀wé nípa ọkàn ọmọdé ni ó ṣẹlẹ̀ sí.

Ó fi ẹ̀tàn kúrò ní Bàgídáádì, ó ní Mẹ́kà ni òun ń lọ, kí wọ́n má baà dá a dúró. Ó pín owó rẹ̀, ó yọ ìwọ̀n tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi jẹun sílẹ̀. Ó gbé ní Damasku tó nǹkan bí ọdún méjì, a máa gun òkè mínárẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí lọ, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ó lọ sí Jẹrúsálẹ́mù, ó lọ sí sàréè Ànábì Ibrahim, ó ṣe hájì, ó sì ki Ànábì ní Mẹ̀dínà. Ó fẹ́ máa dá wà lọ báyìí ni. Kí ni ó wá dá a padà sílé? Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú Al-Munqidh min ad-Dalal, ìwé tí ó fi sọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ní ìpè àwọn ọmọ ni ó fa òun padà sílé, lẹ́yìn tí òun ti rò pé kò sí ẹni tó jìnnà sí àtipadà bíi tòun. A ti rí àwọn àáfà tó ń ka ìwé yìí tí wọ́n ń yára kọjá níbẹ̀ kí wọ́n lè dé ibi àṣírí àwọn súfí. Àwa kò lè yára kọjá mọ́. Ẹni tó lè ta Bàgídáádì nù kò lè fi etí dídi sí ohùn ọmọdé.

Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó kọ Ihya’ Ulumid-Deen, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ jíjí àwọn ìmọ̀ ẹ̀sìn dìde. Ìpín mẹ́rin ni, ìwé mẹ́wàá sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìpín kẹta dá lórí àwọn ohun tó ń pa ènìyàn run, bí ìbínú, ìlara, ahun àti ìgbéraga. Ìwé kejì nínú ìpín yẹn, tó dá lórí títọ́ ọkàn sọ́nà, ni ó ti sọ̀rọ̀ ọmọ títọ́.

Ẹ má rò pé ẹni tó ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́ ni o. Ọwọ́ rẹ̀ le. Ó ní àmáánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ òbí, ọkàn rẹ̀ mọ́ bí òkúta iyebíye tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya nǹkan sí, ohun tí a bá sì kọ́kọ́ yà sí i ni yóò gbà. Ó fẹ́ kí ọmọ jẹun pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó wọ aṣọ tí kò ní àṣejù, kí wọ́n má jẹ́ kí ó sùn lọ́sàn-án, kí ibùsùn rẹ̀ má rọ̀ jù. Ó ní bí olùkọ́ bá nà án, kí ó gbà á bí akọni, kí ó má lọgun, kí ó má sì wá ẹni tí yóò bá òun bẹ̀bẹ̀. Lójú wa, ẹgba inú ilé-kéú wa ti kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn lè gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ọkùnrin líle yìí kan náà ni ó wá sọ pé, bí ọmọ bá ti kúrò nílé-kéú, kí wọ́n gbà á láàyè kí ó ṣe eré tó dára, kí ó fi sinmi wàhálà ẹ̀kọ́, kí eré náà má sì pọ̀ débi tí òun fúnra rẹ̀ yóò di iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Ẹni tó bá dí ọmọ lọ́wọ́ eré, tí ó ń fi ẹ̀kọ́ le é láìsinmi, ọkàn ọmọ náà ni ó ń pa, ó ń kú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ń sọ ayé di kíkorò sí i lẹ́nu, títí ọmọ yóò fi máa wá ọgbọ́nkọ́gbọ́n tí yóò dá láti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ pátápátá.

Ibí yìí ni a ti rí inú rírun ọmọ wa. Ọgbọ́n tí ó ń dá ni. Kì í sì í ṣe irọ́ ni ó ń pa tán. Nígbà tí a wo ojú rẹ̀ dáadáa, inú náà ń run ún lóòótọ́.

Ó tún wà níbòmíràn nínú ìwé kan náà tí ó ti ṣàlàyé bí a ṣe ń fa ọmọ sínú ìmọ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá a ni wọ́n fi ń tan ọmọ wọ ilé-kéú lákọ̀ọ́kọ́. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, aṣọ tó dára ni wọn yóò fi tàn án. Bí ó bá tún dàgbà sí i, ipò àti iyì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò wá fi ìfẹ́ ọ̀run sí i lọ́kàn. Ẹ wo bí ó ṣe tò wọ́n. Àwa a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ọmọ ọdún márùn-ún ṣi háráfì kan pè, iná jàhánámà ni a kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Kò tíì mọ ayé, a ti fi ọ̀run dẹ́rù bà á.

Kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni Imam ti rí i. Ẹ ṣáà mọ ìtàn Anas ọmọ Malik, ọmọ ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a), tí Ànábì rán níṣẹ́, tí ó dúró sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣeré lọ́jà. Ànábì bá a níbẹ̀, ó rọra di ọrùn rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, nígbà tí Anas sì bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rín ni ó ń rín sí i. Ẹ sì mọ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó gùn ún lẹ́yìn lórí ìrun, tí ó pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ títí ọmọ fi ṣe tẹ́rùn. Nínú mọ́sálásí wa, bí ọmọ bá sáré kọjá sáàfù, igbe tí àwọn àgbà máa ń ké sí i ju ariwo ọmọ náà lọ.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ Imam tó ń ran òbí tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, kí òbí ṣe bí ẹni tí kò rí i, pàápàá bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ń tiraka láti bò ó. Bí ó bá tún un ṣe, kí wọ́n bá a wí ní kọ̀rọ̀. Kí wọ́n má sì máa bá a wí ní gbogbo ìgbà, nítorí ìbáwí tó bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kì í wúwo lọ́kàn ọmọ mọ́. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré níwájú ilé wa: má sáré, má jókòó sílẹ̀, aṣọ ẹ, bàtà ẹ, kúrò níbẹ̀, wá síbí. Eré tí bàbá dúró tì tí ó ń pàṣẹ lé lórí kì í ṣe ìsinmi mọ́, kíláàsì mìíràn ni. Kí ọkọ̀ àti ọ̀kadà má gbá wọn, kí kànga má ṣí sílẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ àgbà. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn pín ẹgbẹ́, kí wọ́n jà, kí wọ́n parí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù tí ọmọ dojú bò láti àsárì títí di mọ̀gàríbì kò sí lára ohun tí a ń sọ. Imam fẹ́ kí ọmọ máa rìn, kí ó máa mira lójoojúmọ́ kí ọ̀lẹ má baà borí rẹ̀.

A mú bọ́ọ̀lù jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn àsárì, ó di tirẹ̀. Inú rírun náà dín kù. Kò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà ti ka súrà Al-Mulk, ó pẹ́ kí ó tó kà á tán, àwọn ẹlòmíràn nínú kíláàsì rẹ̀ sì ti lọ síwájú rẹ̀. Ó ṣòro fún wa, nítorí pé ọmọ àáfà ni, àwọn ènìyàn sì ń wò. A ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni.

Al-Ghazali padà sí Tus. Ó fẹ́ dá wà pẹ̀lú Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọmọ àti oúnjẹ òòjọ́ kì í jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà pé, ìgbà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rí i. Kò tún sá lọ. Ní 1106, Fakhr al-Mulk, ọmọ Nizam al-Mulk, rọ̀ ọ́ kí ó wá kọ́ni ní Nishapur, ó sì lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sílé pátápátá, ó kọ́ madírásà sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ àti ibùgbé fún àwọn súfí. Ó ń ka Kùráánì, ó ń kọ́ ọmọ, ó sì wá jókòó ti hádíìsì Bukhari àti Muslim ní òpin ayé rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ọjọ́ Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Jumada kejì, ọdún 505 Hijira, nínú oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1111, ni ọlọ́jọ́ dé. Àbúrò rẹ̀ Ahmad ni ó sọ bó ṣe rí. Ó ṣe àlùwàlá lówùúrọ̀, ó kírun súbúhì, ó ní kí wọ́n gbé aṣọ òkú òun wá. Ó fi ẹnu kò ó, ó gbé e lé ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ní òun gbọ́, òun sì tẹ̀lé àṣẹ láti wọlé tọ Ọba lọ. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjú sí Kíbílà, ó sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Àwọn ọmọbìnrin nìkan ni ó fi sáyé. Ohun tí ó jogún àti ohun tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí tó òun àti àwọn ọmọ náà jẹ, kò sì gba ti ìjòyè kankan kún un, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé e wá. Ìlú Tus níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ran irun àgùntàn ni wọ́n sin ín sí. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.